Kò Mú Lọ́jọ́ Náà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Orí àga yín ní Ẹgbẹ́dá ni mo wà báyìí. Wọ́n ti sin yín kí n tó ti òkè òkun dé. Sálúbàtà yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta, bí ẹ ti máa ń tò ó kí ẹ tó gun òrùlé ẹnikẹ́ni lọ ta áńtẹ́nà.

Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ bi mí pé kí gan-an ni iṣẹ́ mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sún èsì síwájú. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tó tàn nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ kò tíì tán lójú ọ̀run, Bàbá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ojú kò rí i mọ́, ó ti di ìgbì bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ tí a kọ́ ni a fẹ́ fi mọ̀ bóyá ìgbì náà ń mì lóòró ju ìbú lọ. A ó kọjú rẹ̀ sókè, a ó yí i díẹ̀, a ó wò ó, a ó tún yí i. Ṣé iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ ni ẹ kọ́ mi pé bí ìgbì bá sùn, kí áńtẹ́nà sùn. Bí ó bá dúró, kí ó dúró.

Mo mọ ìdí tí n kò fi dáhùn. Ẹ rántí ilé ìyá aláṣọ funfun ní Òkè-Odò? Ẹ wà lórí òrùlé, èmi wà lójú fèrèsé pálọ̀, ìyá náà wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ yí áńtẹ́nà títí, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń hó ṣààà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Pleasure, a fẹ́ lọ síbi ìdánrawò akọrin, inú sì ń bí mi. Ẹ tún pè pé, “Ó ti mú?”

Mo ní, “Ó ti mú, Bàbá.”

Mo pa tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá náà wá bá wa nílé, tó ní ọwọ́ yín kò mọ iṣẹ́ mọ́. Mo ń ṣa ẹ̀wà níbẹ̀, n kò la ẹnu. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ padà lọ tún un ṣe, ẹ ní okùn tí ẹ fi so áńtẹ́nà ni kò le. Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń wo ọwọ́ yín bí ọwọ́ àjèjì. Kò pé ọdún kan tí ẹ fi gbé àkàbà fún ẹlòmíràn, ẹ ní àgbà ti dé. Ṣé ẹ tilẹ̀ fura sí mi rí?

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ̀rọ wa kò tíì rí nǹkan kan. Bí ọ̀gá mi bá bi mí, mo máa ń sọ fún un pé kò tíì mú. Ó máa ń yìn mí pé n kì í parọ́, ojú á sì tì mí.

Bàbá, kò mú lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ gba ohùn rẹ̀ gbọ́ láti orí òrùlé.