Ṣé Kí N Ní Kí Àbúrò Mi Gba Káàdì Tó Fẹ́ Fi Gbé Màmá Lọ sí Amẹ́ríkà?

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ìyá wa ti kú. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà kò mọ̀. Ó wà níbẹ̀ báyìí tó ń bi mí bóyá kí òun gba credit card àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, èyí tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní points, kí òun lè fi points yẹn gba tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá, kí Màmá lè wá bá òun wẹ ọmọ. Èmi ló ní kí n sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ? Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì títí, kò lọ, ó há mi lọ́fun bí eegun ẹja...

Ẹ jẹ́ kí n tò ó kó lè yé yín. Olùkọ́ ni mí, Economics ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ́nà Àrámọ̀kọ, inú ilé bàbá wa ní Ìjerò ni mo sì ń gbé pẹ̀lú Màmá. Bàbá ti lọ tipẹ́. Àwa méjì péré ni Màmá bí. Kí n máa pe àbúrò mi ní Dúpẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ o. Dúpẹ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Amẹ́ríkà, ó ti lọ́kọ níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, oyún á dúró, oyún á bọ́, oyún á dúró, oyún á tún bọ́... Èmi mọ bí Màmá ṣe ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọn á ti ilẹ̀kùn yàrá wọn, wọn á ní àwọn fẹ́ gbàdúrà. Ìgbà tí eléyìí wá dúró, dókítà ní kí Dúpẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́, kó má gun àtẹ̀gùn, kó máa sùn kalẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bed rest ni wọ́n ń pè é. Orí ibùsùn ló wà látàárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò sì sí ohun méjì tó ń rò, Màmá ló ń rò.

Màmá fúnra wọn ti múra tán. Visa ti wà nínú pásípọ́ọ̀tì wọn. Èmi ni mo mú wọn lọ sí Èkó tí wọ́n lọ gbà á, Yorùbá Ìjerò pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè òyìnbó, ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. A rẹ́rìn-ín débi pé awakọ̀ tó gbé wa bọ̀ ń wò wá lójú dígí. Wọ́n ti ra òrí, wọ́n ti ra ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tuntun, wọ́n ti ní kí wọ́n lọ èlùbọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù, torí owó tí Dúpẹ́ fi pamọ́ fún un, ilé ìwòsàn ti gbà á lọ. Ohun tí a ń retí nìyẹn tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro Màmá. Nínú táàsì tí mo fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Dúpẹ́ gbọ́ pé ara àwọn ò yá, kó má lọ máa ronú kí oyún má bàa tún bọ́. Mo ní mo ti gbọ́, ma. Mo rò pé a jọ máa padà sílé ni.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, wọn kì í sọ irú rẹ̀ fún aláboyún. Àwọn ẹbí pàdé ní pálọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin tó jẹ́ àgbà ilé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ kí Dúpẹ́ gbọ́ kó tó bímọ, tí nǹkan bá ṣe oyún yẹn, ẹni náà ló pa ọmọ o. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ nìkan ni kí á sọ fún. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, kí wọ́n má gbé nǹkan kan sórí Facebook, kí wọ́n bẹ àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n pa á mọ́ra. Kíá la sin Màmá. Ìyá tó fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ Áńgílíkà, tí kò sí òkú tí wọn ò bá èèyàn sin, àwa wá sin tiwọn bí ẹni jí nǹkan gbé! Nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀, mo fẹ́ kígbe, ìyá kan fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu nítorí obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ àti Dúpẹ́ jọ ń gbé ìlú kan náà. Mi ò tíì sunkún ìyá mi dáadáa títí di òní. Mi ò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Dúpẹ́ á ní kí á ṣe video call, màá fọ ojú, màá kun pọ́dà, màá máa rẹ́rìn-ín.

Tó bá wá bèèrè Màmá ńkọ́? Irọ́ ni. Màmá ti lọ sóko ní Èrìjìyàn, network ò dáa níbẹ̀. Màmá wà ní àdúrà àwọn ìyá. Fóònù Màmá ti bàjẹ́. Màmá tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, tó jẹ́ ọ̀kadà ló ń gbé wọn, àwa la sọ wọ́n di àgbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kú tán! Nígbà tó yá Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ó ní irú oko wo nìyẹn. Ohun tí mo wá ṣe yìí ló ń tì mí lójú jù, ẹ má bú mi... Voice note kan wà lórí fóònù mi tí Màmá ti sọ sílẹ̀ fún un nígbà ayé wọn, network ò jẹ́ kó lọ nígbà yẹn, èmi náà sì gbàgbé ẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́. Màmá ń sọ nínú rẹ̀ pé, “Dúpẹ́ ọmọ mi, uṣu rẹ wà ní ulé o, mo gbé e pamọ́ dè ọ́,” wọ́n sì ń gbàdúrà fún un. Inú Dúpẹ́ dùn! Ó ní ohùn wọn ti já gaara, ó ní ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà tí àwọn jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti lọ. Ó ní òun gbé fóònù lé ikùn òun kí ọmọ náà lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀, pé ọmọ ta ẹsẹ̀. Ó wá ní kí Màmá tún sọ òmíràn. Òmíràn dà? Ẹyọ kan yẹn ni mo ní.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ káàdì ti wọlé. Dúpẹ́ sùn sórí ibùsùn yẹn, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì nípa rẹ̀. Ó ní bánkì àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, tí èèyàn bá gbà á, tó sì fi rajà tó iye tí wọ́n dá lé e láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á fún un ní points rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Méjì ló fẹ́ gbà, ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀, ọ̀kan lórúkọ ọkọ rẹ̀, pé points méjèèjì á gbé Màmá lọ, á sì gbé wọn bọ̀. Wọ́n ń san owó kan lọ́dọọdún nítorí káàdì náà, ìyẹn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbèsè ni gbogbo ohun tí o bá fi í rà, tí o ò bá san án tán lásìkò, èlé á máa gun ara wọn, Dúpẹ́ kò sì lè ṣiṣẹ́ báyìí, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbówó oṣù. Ọkọ ní rárá, òun ò fẹ́ káàdì kankan nínú ilé òun. Ẹ ṣáà mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ òfúrufú náà. Ṣùgbọ́n Dúpẹ́ ò mọ̀. Ó ní ahun ni, ó ní ká ní ìyá tirẹ̀ ni, ṣé kò ní gbà á? Kò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ọkùnrin yẹn pè mí láti ibi iṣẹ́, inú mọ́tò ló jókòó sí, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ̀yin ló máa gbọ́ tiyín, ẹ fi Economics yín bá mi pa ọ̀rọ̀ káàdì yìí.

Mo gbìyànjú. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí Dúpẹ́, mo ṣàlàyé èlé, mo ní wọ́n lè yí iye points padà nígbàkigbà, mo ní kò dájú pé èèyàn á rí ìjókòó tí wọ́n fi points gbà lásìkò tó bá fẹ́ ẹ. Kò sí irọ́ nínú gbogbo rẹ̀ o, bí màá ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì nìyẹn. Dúpẹ́ fèsì. Ó ní oúnjẹ ilé àti nǹkan ọmọ tí àwọn máa rà tẹ́lẹ̀ náà ni àwọn máa fi káàdì rà, tí owó oṣù ọkọ òun bá ti wọlé àwọn á san án tán, èlé ò ní rí ọ̀nà wọlé, tí points bá ti wọlé àwọn á dá káàdì náà padà. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, máàkì kíkún ni mo máa fún un. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní Àǹtí mi, ṣé ẹ ò fẹ́ kí Màmá wá ni? Ó ní látìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ ìgbádùn wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìyá mi fún ìgbà díẹ̀, mo máa dá wọn padà fún yín. Mo ka ìyẹn ní staff room, mo dìde, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́, ibẹ̀ ni mo ti sunkún díẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá ẹ̀gbọ́n Màmá ní Ìkòrò. Mo ní Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ti ju agbára mi lọ, ẹ jẹ́ ká sọ fún un. Wọ́n ń jẹ iyán lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fara dà á, kí n ṣáà sọ pé Màmá kò fẹ́ lọ mọ́, pé wọ́n ní òtútù á pa àwọn. Pé Màmá ò fẹ́ lọ wẹ ọmọ Dúpẹ́! Ọmọ tí wọ́n ti fi ẹkún bẹ Ọlọ́run fún! Inú bí mi, mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin ẹ kì í gbé ìpè rẹ̀, èmi ni mò ń gbé e. Àgbàlagbà ni wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ bí ọkùnrin kí n tó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.

Ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá ní kó gba káàdì náà, gbèsè ló máa tọrùn bọ̀ nítorí ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀, lọ́jọ́ tó bá sì mọ̀, yóò rántí pé èmi ni mo ní kó gbà á. Tí mo bá ní kó má gbà á, á gbà pé mò ń jowú òun, á máa bá ọkọ rẹ̀ jà títí tí yóò fi bímọ, ara rẹ̀ ò sì lè gba ìjà báyìí. Tí mo bá wá sọ òótọ́ ńkọ́... tí ọmọ yẹn bá bọ́ ńkọ́? Ta ló pa á? Ohun tí Màmá fi di ọwọ́ mi mú nìyẹn o. Wọ́n ní kí n má sọ pé ara àwọn ò yá, wọn ò sọ bí mo ṣe máa ṣe é tí àwọn bá kú. Ẹ̀yin tí wọ́n ti pa irú rẹ̀ mọ́ fún rí, nígbà tí ẹ wá gbọ́, ṣé ẹ dárí ji ẹni tó pa á mọ́ fún yín? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà lórí page yìí, ṣé lóòótọ́ ni oyún lè bọ́ nítorí ìròyìn? Tàbí àwọn àgbà kàn ń dẹ́rù bà wá?

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ òní ni Dúpẹ́ tún kọ̀wé. Ó ní òun ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí òun kọ lórí fóònù fún káàdì àkọ́kọ́, títẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ló kù, ọ̀rọ̀ ẹnu mi lòun ń dúró dè. Ó ní wọ́n ṣáà ní kí àwọn rajà kí points tó wọlé, bàtà òtútù Màmá ni òun máa kọ́kọ́ fi í rà, torí yìnyín ò ní pẹ́ dé. Ó ní kí n wo nọ́ńbà ẹsẹ̀ Màmá fún òun. Mo lọ sí yàrá wọn, mo yí bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dojú dé, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Dúpẹ́ rí i lọ́hùn-ún pé mò ń kọ nǹkan. Ó ní tí mo bá wà lọ́dọ̀ Màmá, kí n bá òun na fóònù sí wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré, òun kàn fẹ́ kí wọ́n ni. Mo ṣì wà lórí ibùsùn Màmá báyìí tí mò ń kọ èyí sí yín. Ó ṣì wà online, ó ń dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ sí i?