Àwọn Tí Mo Pè Ní Ọ̀lẹ

Olóòtú ètò wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi sétí ayé, torí gbogbo ìjọ wa ló ń gbọ́ ètò yìí.

Olùkọ́ Bíbélì ni mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, òwe àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà ni mo ń kọ́ àwọn àgbà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn kan ṣì dúró lásán títí ọjọ́ fi rọ̀. Èmi náà ni mo tún dáhùn fúnra mi: "Ọ̀lẹ ni wọ́n!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Àfi bí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe dìde lẹ́yìn. "Olùkọ́, ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni." Ó fi kún un pé: "Oṣù keje rèé tí wọ́n ti lé mi ní ọ́fíìsì. Oríta tí àwọn bíríkìlà ti ń ṣa lébìrà ni mo ń dúró sí. Wọn kì í tètè mú ẹni tó ti hewú."

Háà! Ọkùnrin tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì láràárọ̀! Èmi tí mo ń fi ìpara pa ọwọ́ rẹ̀ tó ń bó, tó ní eruku fáìlì ló fà á!

Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Láàárọ̀ yìí, ó tún lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́ o."

Ẹ̀yin ará, ẹnu tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ kò rí ọ̀rọ̀ kan fi dá a lóhùn. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ náà.