Èèkàn Mẹ́rin Lẹ́yìnkùlé

Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin 2025
Lucas pè bí mo ṣe ti ilé àdúrà dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn mi. Ọdún méje rèé tó ti padà sí Kánádà lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀. Mo rò pé yóò dárúkọ oṣù tó máa wá bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹ gbin igi eléso sí i o jàre. Kó má di ilé ejò." Mo ní kò burú. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ilẹ̀ tí a fún un ni. Níbí, ilẹ̀ tí a bá ti fún ènìyàn, a kì í gbin igi ọlọ́jọ́ gígùn sí i mọ́. Bí mo bá gbin ọsàn síbẹ̀, mo ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi nìyẹn.

Ajé, 7
Mo gé èéhù orí èèkàn. Èèkàn mẹ́rin ilé Lucas — ọjọ́ tó ku ọ̀la kó padà ni bíríkìlà kàn wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyeyè tútù ni òmùgọ̀ yẹn gé. Mẹ́ta kú. Ẹ̀kẹrin, èyí tó wà níbi tí yàrá mi yóò wà, kò yéé hù. Gbogbo ìgbà òjò ni mo ń gé e. Èèkàn ni, kì í ṣe igi.

Ọjọ́bọ̀, 10
Ìbẹ́pẹ méjì. Ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà. Nǹkan tí kì í pẹ́ nílẹ̀. Tó bá dé, kó hú wọn dànù.

Àbámẹ́ta, 12
Vivian ọmọbìnrin mi gun ọ̀kadà wá láti Igbotako, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ó gbé ọsàn kan àti píà kan dání, nínú náílọ́nù. Ó ní tó bá fi máa di ọdún mẹ́ta péré, ọsàn yìí á ti so. Mo ní kó gbé wọn sábẹ́ òjìji ná.

Ó wo ìbẹ́pẹ mi. "Màámi, ṣé ẹ ń gbin nǹkan ni, àbí ẹ ń fi àyè pamọ́?"

Àbúrò ọkọ mi — Rédíò ni mo ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi — gbọ́ ọ lójú fèrèsé rẹ̀. "Ìyàwó wa! Ilé ọ̀hún ti kan òrùlé ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kí ikọ́ náà pẹ́ díẹ̀. Olúwa, dárí jì mí.

Nígbà tí Vivian ń lọ, ó ní, "Èmi tí mo wà nítòsí, ẹ ò kan èèkàn kankan fún mi." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ajé, 21. Ọdún Àjíǹde
Òjò ńlá. Mo ní kí n gbé píà sábẹ́ àjà. Kò ṣeé gbé. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lu náílọ́nù, ó ti wọlẹ̀. Ta ló ní kó wọlẹ̀?
Èèkàn tún hù. Mo gé e.

Àìkú, 27
Lucas kò pè.

Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún
Ó pè. Fídíò. Susan ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, Treasure ọmọ wọn wà lórí itan. Wọ́n ti ra ilé. Ó ń gbé fóònù káàkiri — kíṣìnnì rèé, yàrá ọmọ rèé. "Màámi, ẹ bá mi yọ̀." Mo yọ̀. Mo tiẹ̀ dárin. Mo wá bi í, èwo ni yàrá tèmi? Ó ní àwọn á wá nǹkan ṣe sí i.

Ó bèèrè ohun tí mo gbìn. Mo ní ọsàn. Irọ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 6
Mi ò jáde. Mo ní ibà ni. Rédíò gbé àgbo wá, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Pé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló mú mi sunkún.

Àbámẹ́ta, 10
Vivian wá. A gbin ọsàn síbi tí pálọ̀ ì bá wà. A fa èèkàn mẹ́ta tó ti kú, wọ́n rún mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin kò ṣeé fà. Ó ti ta gbòǹgbò. Èéhù rẹ̀ tó ìka mi.

Vivian yọ àdá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lucas fẹ́ràn ìyeyè ní kékeré. A máa ṣa á jẹ títí eyín rẹ̀ yóò fi kan. Ọdún méje ni mo fi ń gé e.

Mo bu omi sí i. Ì bá ti so.