Má Mú Ọ̀gá Gìtá Rẹ Wá sí Iléṣà

Ìsọkùn, Iléṣà,
9 Oṣù Kẹwàá, 1973.

Adéjọbí ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara le, ṣé omi Èkó kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa níhìn-ín wà láàyè, àfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń sọ tirẹ̀ nígbàkígbà tí òjò bá ṣú. Ẹni tó mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la òkun kọjá, òun ni mo ń bẹ̀ kó máa mú ọ la títì Èkó kọjá, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, torí mi ò tíì gbà pé gbogbo dírẹ́bà ló ti gbọ́.

Lucy àbúrò rẹ kí ọ. Ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì wà nínú oṣù Kejìlá bí a ṣe dá a. Kòkó ṣe dáadáa, ewúrẹ́ dúdú sì ti bímọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, àti fọ́tò inú rẹ̀. Òun gan-an ló mú kí n tètè kọ èyí. Jókòó kí o tó kà á síwájú, má sì kà á sókè.

O ní ìka ń dùn ọ́, pé o fẹ́ jáwọ́ nínú gìtá tí o ń kọ́. O tún ní Ọ̀gá Béjidé tó ń kọ́ ọ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, pé o ń bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀lé ọ wá ta gìtá níbi ìgbéyàwó Lucy, ṣùgbọ́n bí o bá ti dárúkọ Iléṣà báyìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa ń bọ́ sí. Ọmọ mi, má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́.

Ṣé o rántí Awóníyì, ọmọ Màmá Susannah tí ògiri wa àti tiwọn jọ kanra? O lè má rántí ojú rẹ̀, o kéré nígbà náà. Láti ibí títí dé Òṣú, kò sí ẹni tó ń ta gìtá tó o. Ọdún tí ìjọba ń ka èèyàn ni ibà mú un lọ. Wọ́n ti kà á mọ́ wa tán kó tó kú, títí dòní mi ò mọ̀ bóyá wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye wa. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fi aṣọ funfun di àgbọ̀n rẹ̀, èmi ni mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé e láyà, ìka kékeré ọwọ́ náà ló sì nà gbọnrangandan, kò tẹ̀, torí àdá ti gé iṣan rẹ̀ láti kékeré. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bó bá ń ta gìtá, àtàǹpàkò ló máa ń yọ gba orí ọrùn gìtá láti fi tẹ okùn tó nípọn jù. Àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á sì panu mọ́.

Wàyí o, ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé ìka kékeré Ọ̀gá Béjidé kì í tẹ̀, pé àtàǹpàkò ló fi ń tẹ okùn òkè, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ló ń kọ́ ọ. O ní ó máa ń jágbe mọ́ ọ pé kí o má fún gìtá lọ́rùn bí adìyẹ ọdún. Adéjọbí! Ọ̀rọ̀ tí Awóníyì máa ń sọ fún Mùíbì nìyẹn, nígbà tó ń kọ́ Mùíbì ní gìtá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo lọ bá Mùíbì ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀, mo ní kí ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ máa ń wí bó bá di gìtá mú jù. Kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì, ó ní àbí ti adìyẹ ọdún yẹn ni. Nígbà tí mo sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè fún un, abẹ́rẹ́ gún un níka.

Ká tún wá wo fọ́tò tí ìwọ àti Ọ̀gá Béjidé àti àwọn yòókù jọ yà. Ojú gbogbo yín ló yọ kedere, títí kan ajá tó ń kọjá lẹ́yìn yín. Ojú Ọ̀gá Béjidé nìkan ló dà bí èéfín. O ní ó mirí ni. Gbogbo yín lẹ jọ dúró, kí ló dé tó jẹ́ orí tirẹ̀ nìkan ló mì? Ẹ̀rọ fọ́tò kì í ṣojúsàájú, ohun tó bá wà níbẹ̀ ló ń yà.

Àkúdàáyà ni, ọmọ mi. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ọjọ́ tí ará ilé tó mọ ojú rẹ̀ bá fojú kàn án ló parí, kò tún sẹ́ni tó máa rí i mọ́ láyé. Mo bi pásítọ̀ wa. Ó ní kò sí irú rẹ̀ nínú Bíbélì, kí n lọ gbàdúrà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà, ó ní àdúgbò wo gan-an ni ọkùnrin náà ń gbé, pé àbúrò òun wà ní Èkó.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ sókè, Màmá Susannah sì wà níbẹ̀ tó ń bá mi ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo dé ibi àtàǹpàkò, mi ò gbúròó ẹ̀gúsí mọ́. Ó dìde, kò gbọn èèpo kúrò lára ìró rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ kejì, mo rí i pẹ̀lú ẹrù, ó ń lọ wọ mọ́tò Èkó. Mo di ẹrù náà mú. Mo ní Màmá, bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn o. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ṣá lòun ń wá. Mo ní ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, ṣebí ó ń mí. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ níwájú ilé wa títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìwọ náà ti ń fi àtàǹpàkò tẹ okùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ lo kọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò ní lọ sí Èkó mọ́, ṣùgbọ́n kí o má jáwọ́. Ó ní bí o bá ti gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ òun tán, kí o wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, kí o máa ta á. Ó ní òun á dijú.

Nítorí náà, Adéjọbí, èmi tí mo ní iṣẹ́ ọ̀mùtí ni gìtá, èmi náà ni mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí pé kí o má jáwọ́. Àwọn ohun tí Awóníyì fi kọ́ Mùíbì létí mi nìyí. Awọ tó ń le lórí ìka rẹ, má bó o, má sì rì í sínú omi gbígbóná. Bàtà tí gìtá ń rán fún ìka ni. Bó bá dùn ọ́ jù, sinmi, kí o padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀ láràárọ̀ sàn ju kí o fi gbogbo Sátidé pa ara rẹ lọ. Gé èékánná ọwọ́ òsì rẹ. Ẹ̀yìn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni kí o ti tẹ okùn, má tẹ orí irin náà gan-an. Tún okùn ṣe kí ohùn wọn bára mu kí o tó ta ohunkóhun. Fi ẹnu kọ orin náà ná, kí o fi ẹsẹ̀ lù ú nílẹ̀, torí orin tí ẹnu kò bá mọ̀, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Má sáré. Ẹni tó bá ń sáré ta ohun tí kò tíì mọ̀, àṣìṣe ló ń kọ́ dáadáa. Mùíbì ṣíwọ́ nígbà tí ìka rẹ̀ bó, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ báyìí pé ó ku díẹ̀ kí awọ náà le ni.

O ní ẹ máa ń so gìtá mọ́ iná mànàmáná. Wọ sílípáàsì rọ́bà. Bí iná náà bá gbé gbogbo yín tí kò gbé Ọ̀gá Béjidé, má pariwo, máa ta gìtá rẹ lọ.

Má bi í ní ilé bàbá rẹ̀. Má pè é ní Awóníyì, àní bí o bá ń ṣàwàdà. Bí o bá rí ará Iléṣà tó ń bọ̀ ní òpópónà yín, tètè rán an gba ibòmíràn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìnáwó Lucy. Bàbá rẹ kò tíì fọkàn tán náírà yìí, ó ní bí pọ́n-ùn bá ṣì kù ní bánkì ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n fún ọ ní ìyẹn.

Olúwa á pa ọ́ mọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí o rí àti ẹni tí o kò rí. Ìka rẹ kò ní rọ, etí rẹ kò ní di, ilé ni wàá fi àbọ̀ sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Phebe.

Màmá Susannah tún wọlé bí mo ṣe fẹ́ lẹ àpò lẹ́tà yìí pa. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ọmọ òun ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, pé ọyẹ́ ń bọ̀. Má bi í o. Ṣáà wò ó, kí o kọ èsì.