Bébà tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Bàbá Rẹ Láyà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa náà ń bẹ, a ń dúpẹ́, àfi ikọ́ bàbá rẹ nìkan ni kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bíi ti ẹni tó ń wú u gan-an.

O mọ iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn oko wa, tí eruku rẹ̀ ń bà lé bẹ́ẹ̀dì wa láràárọ̀. Wọ́n kọ̀wé pe gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí ìpàdé. Àyà mi já, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ọlọ́pàá nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan èèyàn. Mo di ọṣẹ àti aṣọ ìnura bàbá rẹ sínú báàgì, mo ní bí wọ́n bá tì í mọ́lé, kó ṣáà rí nǹkan fi wẹ̀.

Àṣé wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Inú kíláàsì àwọn ọmọdé ni wọ́n kó wa sí, àwọn bàbá ńlá jókòó sórí àga kékeré, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Obìnrin kan láti iléeṣẹ́ náà, ọmọ rere, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ó ní àwọn fẹ́ mọ ojúṣe àwọn sí wa. Mo ní nínú mi pé ó mà ṣe o, àgbà iléeṣẹ́ báyìí ò tíì mọ ojúṣe rẹ̀. Ó lẹ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin mọ́ ògiri: ọ̀nà, iléèwé, iṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́, pápá bọ́ọ̀lù. Ó wá fún kálukú wa ní bébà kékeré tí gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ká lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó ṣe pàtàkì sí wa jù.

Mo wo ògiri yẹn látòkè délẹ̀. Ọ̀nà dára, bọ́ọ̀lù dára, ṣùgbọ́n n ò rí ohun tó ṣe pàtàkì sí mi níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí bàbá rẹ lórí àga, ó ń wúkọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ káwọn èèyàn má baà gbọ́. Mo bá padà lọ lẹ bébà mi mọ́ ọn láyà.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní ṣé orí mi pé. Mo ní obìnrin yẹn ló ní ká ṣe é, èmi kì í ṣe aláìgbọràn. Ni káfíńtà bá dìde, ẹni tí bàbá tiẹ̀ náà ń wúkọ́ nílé, ó ṣí bébà tiẹ̀ kúrò lára pápá bọ́ọ̀lù, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbá rẹ léjìká. Ìyá aláṣọ tẹ̀lé e, àwọn yòókù náà dìde. Bàbá rẹ jókòó gbọnin-in bí ẹni tí télọ̀ ń wọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin náà bi mí pé kí lèyí túmọ̀ sí, mo ní eruku yín ló wà láyà ọkọ mi, ẹ ò sì kọ ọ́ sára ògiri. Ó mú bébà karùn-ún, ó kọ eruku sí i gàdàgbà.

Ní báyìí wọ́n ti ń wọ́n omi sójú ọ̀nà kí lọ́rì tó kọjá. Wọ́n tún fún wa ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tá a lè pè bí ẹ̀dùn ọkàn bá wà. Àràárọ̀ ni mo ń pè é láti kí wọn, torí kò dára kéèyàn gba nọ́ńbà ẹni kó má kí i. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé fóònù náà kì í ṣàì béèrè bàbá rẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ni o, n ò bá ọ wí.

Dókítà iléeṣẹ́ náà gbọ́ àyà bàbá rẹ, ó ní kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dé ọsibítù ńlá tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún, kí wọ́n ya fọ́tò inú àyà. Iléeṣẹ́ ní àwọn á gbé e, àwọn á sì sanwó. Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní ya fọ́tò kankan tí àkọ́bí òun ò sí níbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ wá mú òun nílé. Ó ti fọ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, ikọ́ yẹn ti ń jìn.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ lo ní ó ń dí ọ lọ́wọ́. Nítorí náà, jọ̀ọ́, tètè fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èyí tó bá ti tó owó ọkọ̀ wá síbí. Bó bá ṣe ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni màá dá a padà ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè fi wọkọ̀ wá.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ. Wàá dé, wàá bá bàbá rẹ lórí ìjókòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.