Ẹ́ńjìnnì Wo Ni Yóò Gbé Ọ Wálé?

Lákọwẹ́,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Àṣírù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú Lẹ́kkí, mo sì kí ọ kú àtijọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ogun mọ́tò, kò ní jẹ́ kí fóònù rẹ já bọ́ sínú omi, ibi tí wọ́n bá sì ti ń pín ire fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wọn ò ní ní kí ìwọ lọ dúró síta. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní o wà ní mítíìnì, mo tún pè lọ́jọ́ kejì, o ní o ṣì wà ní mítíìnì, mo bá ní ọmọ mi ò tíì jẹun láti àná nìyẹn, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Dúró ni mo fẹ́ fi ìwé yìí rán. O ò mọ Dúró, èmi náà ò mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ òní tó mọ́, ṣùgbọ́n ó wà ní pálọ̀ wa báyìí tó ń jẹ ẹ̀bà, ọkọ̀ tí o fẹ́ rà sì wà lẹ́nu ọ̀nà wa níta. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré nínú ẹ́sítéètì ẹ̀gbẹ́ wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àgbàlagbà á dúró, á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù tí kò ṣe é ní nǹkan kan dànù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a káàkiri inú koríko, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbá a lọ. Ọ̀kan fò wá sí àgbàlá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ìyá rẹ sì tó lọ dá a padà, adìẹ dúdú rẹ̀ ti sàba lé e. A lé e títí, kò dìde. Mo ní adìẹ yìí ò gbọ́n, ìyá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó mọ ohun tó ń retí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi dé. O ní ọkọ̀ ńlá kan lo fẹ́ rà, o ní ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú rẹ, o ò mọ èyí tí o máa mú, kí n bá ọ fi sádùúà. Mo wo àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí, ojú kan náà ni wọ́n ní, imú kan náà, kò sí èyí tó burẹ́wà nínú wọn. Inú mi dùn pé o fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí. Ó sì ká mi lára ju bí o ṣe rò lọ, nítorí láti Iléyá èṣí lo ti ń sọ pé kòtò ọ̀nà Lákọwẹ́ máa ba abẹ́ ọkọ̀ kékeré rẹ jẹ́, pé bí o bá ti ra èyí tó ga, o máa wálé. Ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo mọ́sálásí nìyẹn. Bí wọ́n bá ní Àṣírù ńkọ́, mo máa ń ní ọkọ̀ ló fà á, kì í ṣe Àṣírù. Ìyá rẹ ti tún yàrá rẹ kùn. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì tó máa gbé ọ délé ni mo ń wá, mi ò wá òmíràn.

Irú nǹkan báyìí kì í sì í ṣe ohun tí à ń fojú àwòrán yàn. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, bàbá mi rán èèyàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ṣe ìwádìí ìdílé wọn, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa ń jẹ gbèsè, bóyá àwọn ọmọbìnrin wọn máa ń pẹ́ nílé ọkọ. Mo ní ohun tí bàbá mi ṣe fún mi, èmi náà á ṣe é fún ọmọ mi. Mo mú Mùínàt àbúrò mi dání, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ tú bíi tirẹ̀, a gbé odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti ẹja gbígbẹ, torí ilé àna là ń lọ, ọwọ́ wa ò gbọdọ̀ ṣófo, a bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwòrán rẹ ní Lẹ́kkí.

Gíláàsì ni gbogbo ara ilé náà. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ̀ ń pè ní éésì mú Mùínàt débi pé ó tú gèlè, ó so ó mọ́ ọrùn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọlábùnmí jáde sí wa, òun ló ń ta ọkọ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí ìdílé ọkọ ni wá, ohun tó yẹ nìyẹn. Ó kígbe, ó kúnlẹ̀. Mùínàt náà kúnlẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé wọ́n mọ ìwà hù jù wá lọ. Mẹ́gáàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i pé gbogbo ilé ti wà nílẹ̀, lòun náà bá kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fòyà, a ò tíì wá tọrọ, ìwádìí la wá ṣe.

Ọlábùnmí bi mí pé níbo la ti wá, mo ní Lákọwẹ́. Ó wo agbádá mi, ó bi mí bóyá ìdílé wa ní ilẹ̀ ní ìhà Free Zone, níbi tí àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ti ń du ilẹ̀ rà. Mo ní ilẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ la gbìn sí i. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Alága, ó gbé àga aláwọ fún wa, ó fún mi ní omi inú ìgò tó tutù bíi yìnyín. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé èmi ni alága àwọn tó ń tọ́jú kànga mọ́sálásí, ṣùgbọ́n ó wú mi lórí.

Ó ní ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kéré, yàrá mẹ́rin ni iná ti ń jó nínú rẹ̀, kì í mu epo púpọ̀, àmọ́ wọ́n fi nǹkan kan sí i tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kó lè sáré bí èyí tó tóbi. Mùínàt ní ara rẹ̀ ò dá nìyẹn, bí aláìsàn ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Mo ní kó rọra, ilé àna la wà. Èkejì, yàrá mẹ́jọ ni tirẹ̀, Ọlábùnmí sì ní agbára rẹ̀ tó ti irinwó ẹṣin. Ẹṣin kan ṣoṣo ló wọ Lákọwẹ́ rí, gbogbo àgbàdo Mùínàt ló sì jẹ tán, ni Mùínàt bá ní owó oṣù wo ló máa bọ́ irinwó? Ẹ̀kẹta ń lo bẹntiróòlù, ó sì tún ń lo iná mànàmáná. Mo ní ọmọ tó bá ń jẹun nílé méjì, ilé wo ni yóò ti kọ́ ìwà? Ọlábùnmí ní ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe díẹ̀ nínú iná náà nígbà tí èèyàn bá ń tẹ bíréèkì. Ìyẹn wù mí o. Mo bi í pé bí iná náà bá ṣẹ́kù, ṣé a lè fà á wọlé ní alẹ́, torí tiráńsífọ́mà wa ti kú látìgbà òjò. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mo bi í bóyá èyíkéyìí nínú wọn ní àrùn ọkàn tó lè mú un dákú lójú ọ̀nà, ó ní rárá. Mo bi í bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ti lọ sílé ọkọ máa ń padà wá. Ọmọ náà ò parọ́, ó ní wọ́n máa ń padà wá fún sáfíìsì. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́, àfi ìgbà tó ní ọkọ fúnra rẹ̀ ló máa ń mú un wá, tó sì máa ń dúró gbà á padà sílé. Ó ní wáráńtì náà sì wà, pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe ségesège kó tó tó ọdún bíi mélòó kan, àwọn ló máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ fún un pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ò fún mi ní ohun tó jọ ọ́ lórí ìyá rẹ. Má ka ibí yìí sókè lójú rẹ̀.

Mo wá ní mo ti gbọ́ tẹnu, ó ku kí n rí ìrìn rẹ̀. Wọ́n gbé oníyàrá mẹ́jọ jáde, wọ́n fi Dúró, dẹ́rẹ́bà wọn, sídìí rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀. Tèmi wà nínú àpótí nílé, mo bá fi Mùínàt sílẹ̀, torí ojú èmi àti Mùínàt jọra ju bí mo ṣe jọ àwòrán inú káàdì yẹn lọ.

Dúró fẹ́ yí padà ní ráńdábáòtù àkọ́kọ́. Mo bi í pé ṣé ibẹ̀ ni ilé mi wà? Mo ní kó máa lọ. A kọjá Jakande, a dé Ajah, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ó pe Ọlábùnmí, ìyẹn ní bóyá Alága fẹ́ lọ mú owó nílé ni, kó gbé mi dé ibikíbi tí mo bá ń lọ. Mi ò mọ owó tó ń sọ. Èmi ń retí kòtò. Mo di ìjókòó mú, mo ń ka àdúrà ìrìnàjò, mo ń wá kòtò tí kò jẹ́ kí ọmọ mi wálé láti Iléyá èṣí. A rí kòtò o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó wà ní Awóyáyà, ṣùgbọ́n kórópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré tí kò ní bọ́ńpà, ń wọ inú rẹ̀ ń jáde níwájú wa, ó sì ru ewúrẹ́ lórí.

Ìyá rẹ ń yan gàárì lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà láti oríta. Kò gbé gàárì kúrò lórí iná, ó sá jáde, orúnkún tó ń dùn ún ò dùn ún mọ́, ó ń ki oríkì rẹ bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé títí dé ẹnu ọ̀nà. Dúró ló sọ̀kalẹ̀. Ìyá rẹ kí i, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó ní kí Dúró ṣí búùtù. Mo ní Bàlíkísù, ìwádìí la ṣì ń ṣe, ọkọ̀ nìkan ló dé. Ó ṣì tẹ̀ríba wo inú búùtù. Ó dùn mí, Àṣírù. Gàárì náà sì jóná.

Ẹran Iléyá tó yan gbẹ dè ọ́, òun ló fi sí ọbẹ̀ Dúró. Mo wá ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó ní oníyàrá mẹ́jọ lòun fẹ́, torí bí o bá ti dé oríta, òun á ti gbọ́, òun á ti gbé omi ẹ̀bà kaná. Mo ní ẹ̀kẹta kì í dún rárá, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ló ṣe ń rìn. Ó ní kí n má dárúkọ ẹ̀ mọ́, pé ọkọ̀ tó lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun kí òun má mọ̀ kò gbọdọ̀ di tọmọ òun.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn. Omi inú ìgò tí Ọlábùnmí fún mi, mo gbàgbé láti mu ún, ọwọ́ mi ló wà títí a fi délé. Mo ní kí ìyá rẹ fi pa òùngbẹ. Ó gbà á, ó sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní Lẹ́kkí ni, ní àdúgbò Àṣírù. Ó ní láti Lẹ́kkí, omi yìí ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́? Mo ní éésì ọkọ̀ ló fà á, mo ní éésì oníyàrá mẹ́jọ lágbára gan-an. Ó wò mí, ó ní ó dáa. Ó wọ yàrá lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo bá jókòó ti ìwé yìí.

Mo kọ ọ́ débí kí n tó gbójú sókè. Ìyá rẹ ti jókòó síwájú nínú ọkọ̀, ó ti wọ léèsì Iléyá, ìgò omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fa bẹ́líìtì mọ́ra, ó sì ta á ní kókó kó má baà tú. Ó ní kí n kó ìwé náà fún òun, Dúró ò mọ ilé rẹ. Mo ní òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á bèèrè. Dúró ti jẹun tán, Ọlábùnmí sì ń pe fóònù rẹ̀ léraléra, ó ní Mùínàt ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé èyí tó kéré ní ikọ́ fée.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ èyí tí mo yàn fún ọ. Lọ gba Mùínàt ní ṣọ́ọ̀bù, gbé òun àti ìyá rẹ sínú ọkọ̀ kékeré tí o ní báyìí, kí o sì gbé wọn wálé lónìí. Bí ọkọ̀ yẹn bá délé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni mo mú. Bí kò bá dé, ra oníyàrá mẹ́jọ.

Owó díẹ̀ ni mo tún ń tọrọ, fún gàárì tó jóná àti fún ẹyin tòótọ́ tí a máa fi pààrọ̀ bọ́ọ̀lù lábẹ́ adìẹ yẹn. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Bí owó bá dé sórí fóònù, ó máa ń dún pín-ín, ìyá rẹ á ní ṣé Àṣírù ni, mo máa ní òun ni, a ó sì jọ jókòó máa wo fóònù. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, oúnjẹ rẹ ò ní dolóúnjẹ ẹlòmíràn, kòtò kan ò ní pọ̀ jù fún táyà rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yísà Ògúnkúnlé.

Mo gbàgbé ohun kan. Bí ìyá rẹ bá dé, tètè gba ìgò omi yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, éésì ni kí ìwọ náà sọ o, kí ọ̀rọ̀ wa lè bára mu.