Ihò Kékeré Inú Àgbọ̀n Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Ìyá mi, mo kí Bọ̀dá Ràṣídì ẹ̀gbọ́n mi, mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Ìdèrè. Ṣé ara le? Ṣé òjò ti tó fún ẹ̀gúsí yín lóko?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sílé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀dá Ràṣídì ló ń kà á fún yín, èsì tí mo sì ń rí gbà kò ju pé ẹ kí mi, ẹ ní kí n máa wọ aṣọ òtútù. Ibẹ̀ ni mo ti fura pé wọ́n ń fo ibì kan. Mo sì mọ̀ pé Àlùfáà a máa ka ìwé ìròyìn fún ẹ̀yin àgbà níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí a máa gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ṣùgbọ́n gbangba ni a ti fi ẹ̀sùn kan Ìyá Sàká, ìyàwó yín kékeré. Gbangba náà ni mo fẹ́ kó ti kúrò lára wọn.

Òtútù ibí ń wọ egungun. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í rí oòrùn rárá, n kò sì rẹ́ni bá sọ Yorùbá àfi ara mi. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ẹ́sírè, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Ọ̀gá mi, òyìnbó arúgbó kan, ní kí n máa wọn egungun orí àwọn aláìsàn lórí fíìmù, ká lè mọ bí ti ẹnì kan ṣe yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Mo máa ń tẹ́ fíìmù sórí gíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, màá wá fi rúlà àti kọ́ńpáàsì wọ̀n ọ́n.

Bàbá, ihò kékeré kan wà lára egungun àgbọ̀n ènìyàn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ibẹ̀ ni iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ gbígbóná àti tútù ti ń jáde. Ìwé àwọn dókítà ti sọ eyín tí ihò náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí fíìmù àwa adúláwọ̀, ihò náà sún sẹ́yìn lára ọ̀pọ̀ wa. Mo fi han ọ̀gá mi. Ó ní mo ṣì í wọ̀n, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó gba kọ́ńpáàsì lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ó wá ní orí àwọn ènìyàn tàwọn ni wọ́n wò kí wọ́n tó kọ ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó wo tiwa.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Màá jókòó, màá dìde. Mo rántí fíìmù àgbọ̀n yín tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eyín yín, tí ẹ fún mi nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá, pé kí n fi han àwọn dókítà ibí. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo fi sí, n kò fi han ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Ihò tiyín wà lẹ́yìn, níbi tí àpá abẹ yín wà gan-an. Dókítà tó la oówo abẹ́ eyín yín ṣe é bí ìwé ṣe kọ́ ọ; ó gé iṣan náà láìmọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ètè yín fi kú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi mu ẹ̀kọ gbígbóná tí Ìyá Sàká gbé fún yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí ètè yín bó, tí ẹ ò sì mọ̀. Bọ̀dá Ràṣídì pariwo pé wọ́n ti fi nǹkan sínú ẹ̀kọ. Ìyá Sàká sunkún, wọ́n ní ká gbé Kùránì wá káwọn búra. A ò gbé e wá. Ẹrù wọn la gbé síta, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Èrúwà.

Èmi náà jẹ̀bi. Ní Iléyá yẹn, ẹ pè mí sẹ́yìn ilé, ẹ bi mí pé èmi tí mo ń rí inú egungun, kí ni mo rí sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kò ní sá lọ. Mo sì mọ̀ pé wọn ò sá, a lé wọn ni. Mo rò pé inú Ìyá mi á dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi ní iṣan náà kò ní jí mọ́, ó ti pẹ́ jù. Ẹ má mu àgbo kankan tìtorí rẹ̀ mọ́. Ẹ kàn máa jẹ́ kí oúnjẹ tutù dáadáa.

Mo kọ̀wé sí Ìyá Sàká. Wọ́n ní kí tíṣà kan bá àwọn fèsì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fẹ́ àwọn sílé, èmi kọ́ ni mo lè pe àwọn padà. Wọ́n wá béèrè bóyá ẹ ń jẹun kánú.

Bàbá, ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo ti gba ìsinmi. Èrúwà ni n ó kọ́kọ́ yà, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè mí. Ọkọ̀ ń lọ láti Ìdèrè sí Èrúwà lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fúnra yín.

Ọlọ́run Ọba á fi àlàáfíà kún ọjọ́ yín, kò ní fi yín dù wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe. Ẹ kí Bọ̀dá Ràṣídì dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé n kò bá wọn jà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráfíátù